Àga Ferguson, àga Klopp: kí ló pa Moyes tí kò pa Slot?

Láńre

Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ẹni tó bá gba ipò lẹ́yìn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti di òrìṣà, ìyà ló máa jẹ. David Moyes gba Manchester United lọ́wọ́ Alex Ferguson ní oṣù Keje 2013. Ìwé àdéhùn ọdún mẹ́fà ni wọ́n fún un, kò pé oṣù mẹ́wàá tí wọ́n fi lé e. Arne Slot gba Liverpool lọ́wọ́ Jürgen Klopp ní oṣù Kẹfà 2024, ọdún àkọ́kọ́ náà ló gba líìgì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin ṣì kù nílẹ̀.

Ṣé Moyes ni kò mọ iṣẹ́ ni, àbí ilé tó ń jò ni Ferguson fi lé e lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé wọn ò fún un láyè. Ìyẹn ti sú mi. Ohun tó ṣe gan-an ni mo fẹ́ mọ̀.

* * *

Àyìndé Stretford

Ilé tó ń jò ni. Ẹ ka ọjọ́ orí wọn. Kí oṣù Kọkànlá 2013 tó parí, Giggs ti pé 40, Ferdinand ti pé 35. Vidic, Evra àti Carrick, ẹni ọdún 32 ni gbogbo wọn. Scholes ti fẹ̀yìn tì. Van Persie tó gbá góòlù 26 wọlé nínú líìgì lọ́dún tó ṣáájú ti pé 30, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 21 péré ló gbá ní sáà yẹn. Ferguson mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn kúrò lójú agbo kí ijó tó dàrú. Ó gba ife, ó juwọ́ sí wa, ó lọ. Ta ló máa wá fi ẹsẹ̀ àwọn bàbá yẹn sáré?

* * *

Bísí Onítábìlì

Bọ̀ọ̀dá Àyìndé, òótọ́ ni ọjọ́ orí tí ẹ kà, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè Láńre. Pọ́ìntì 89 ni United fi gba líìgì ní 2013, wọ́n fi 11 ju Manchester City lọ. Ọdún tó tẹ̀lé e, 64, ipò keje. Pọ́ìntì 25 ló jábọ́. Bí ẹsẹ̀ àwọn àgbà bá wúwo, ó lè gbé ẹgbẹ́ láti ipò kìíní lọ sí ìkẹta, bó bá burú tán, ìkẹrin. Ìkeje kọ́.

Ohun tí ẹ̀yin ará United kì í fẹ́ gbọ́ rèé. Ìgbà ìsinmi bọ́ọ̀lù kan náà tí Moyes dé Old Trafford, pápá United, ni Everton tó fi sílẹ̀ gba Roberto Martínez. Ọdún mọ́kànlá ni Moyes lò níbẹ̀, òun náà ni àgbà tí wọ́n rò pé kò ṣeé rọ́pò. Pọ́ìntì 63 ló gbà ní sáà tó lò kẹ́yìn. Àwọn ọlọ́wọ́ ẹ̀yìn kan náà ni Martínez bá nílé, Jagielka, Distin, Baines àti Coleman. Ó fi Barry, McCarthy àti Lukaku kún ikọ̀, ó sì gba 72. Distin pé ẹni ọdún 36 nínú sáà yẹn o! Kò sẹ́ni tó gbọ́ kí Martínez máa sunkún arúgbó. Ó na United ní Old Trafford, èyí tí Everton kò ṣe láti 1992, ó sì tún nà wọ́n ní Goodison, pápá Everton.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì mẹ́fà ni Moyes pàdánù nílé: West Brom, Everton, Newcastle, Tottenham, Liverpool, City. Newcastle kò tíì jáwé olúborí níbẹ̀ láti 1972.

* * *

Kóòṣì Àgbà

Pápá ni ẹ̀yin méjèèjì ń wò. Ẹ wo inú ilé.

Ferguson nìkan kọ́ ló jáde ní United lọ́dún yẹn. David Gill, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́, ẹni tó máa ń pe àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó sì máa ń ná ọjà agbábọ́ọ̀lù, fi ipò sílẹ̀ lákòókò kan náà. Ed Woodward tó bọ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó àti ìpolówó ló mọ̀, kò tíì jókòó nídìí ọjà agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí. Mike Phelan, igbákejì Ferguson, lọ. René Meulensteen tó ń darí ìgbáradì ojoojúmọ́ lọ. Eric Steele tó ń kọ́ àwọn aṣọ́lé, tó sì dúró ti De Gea láti ìgbà tí ọmọ náà ṣì ń ṣe àṣìṣe lórí bọ́ọ̀lù òkè, òun náà lọ. Moyes kó Steve Round, Jimmy Lumsden àti Chris Woods wá láti Everton, ó pe Phil Neville, ó sì sọ Giggs di agbábọ́ọ̀lù tó tún jẹ́ kóòṣì.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà nínú ẹgbẹ́ ńlá tí ẹnikẹ́ni ò kọ sínú ìwé. Ta ni wọ́n máa ń bá wí ní gbangba tí ara rẹ̀ máa ń yá sí i, ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ pè sí kọ̀rọ̀. Ta ni kò gbọ́dọ̀ sáré líle lọ́jọ́ kejì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nítorí eékún. Àwọn wo ni kì í jókòó pọ̀ nílé oúnjẹ. Bí baálé tuntun bá wọlé, tó lé ìyá àgbà tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, tó lé ọmọ ọ̀dọ̀ tó mọ ibi tí òrùlé ti ń jò, kò ní mọ nǹkan kan títí òjò á fi rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì 2014. Fulham, tó wà nísàlẹ̀ tábìlì pátápátá, wá sí Old Trafford. Ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn? Meulensteen. Ó mọ ilé náà dénú. Ó kó èèyàn sí àárín, ó fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ fún United pé kí wọ́n máa bọ̀. Kúrọ́ọ̀sì (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá láti ẹ̀gbẹ́ wá sí iwájú ilé) tó lé ní ọgọ́rin ni United gbá sínú àpótí lọ́jọ́ náà, Dan Burn tó ga ju mítà méjì lọ sì wà níbẹ̀ tó ń kàn án jáde bí ẹni ń kó àgbàdo. Ìṣẹ́jú 78 àti 80 ni Van Persie àti Carrick tó rí àwọ̀n, gbogbo pápá rò pé ó ti parí, Darren Bent wá gbá tirẹ̀ wọlé ní àfikún ìṣẹ́jú kẹrin. 2-2. (Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Fulham lé Meulensteen fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò mojú ẹnikẹ́ni.)

Kúrọ́ọ̀sì ọgọ́rin kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí burúkú. Òun ni ohun tí wọ́n ń gbára dì fún láàrin ọ̀sẹ̀. Ní Everton, Baines ń gbé e wọlé, Fellaini ń kàn án. Moyes gbé ọbẹ̀ ilé kan wá sínú ìkòkò ilé mìíràn.

* * *

Láńre

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo kóòṣì tuntun ló ń kó èèyàn tirẹ̀ wá. Lijnders, Krawietz, Matos àti Achterberg tó ń kọ́ àwọn aṣọ́lé, gbogbo wọn ló kúrò ní Liverpool nígbà tí Klopp kúrò. Ilé yẹn náà ṣófo. Kí ló dé tí òjò ò wọ̀ ọ́?

* * *

Kóòṣì Àgbà

O béèrè dáadáa. Ọmọ Kop á dáhùn ìyẹn, ó ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́, mo mọ̀ ọ́n. Jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ ọjà ná, nítorí ibẹ̀ ni mo ti máa ń bínú.

Ní ìgbà ìsinmi 2013, United lé Thiago Alcântara títí, Bayern gbé e lọ. Wọ́n kọ̀wé sí Barcelona lórí Fàbregas, Barcelona kọ̀. Wọ́n fẹ́ Baines, Everton kọ̀. Lọ́jọ́ tí ọjà fẹ́ tì, wọ́n wà ní Bilbao lórí Ander Herrera, ìyẹn náà fọ́. Ẹni tó kù ni Fellaini. Nínú ìwé àdéhùn Fellaini ní Everton, gbólóhùn kan wà pé ẹgbẹ́ tó bá san mílíọ̀nù 23.5 pọ́n-ùn lè mú un lọ, ṣùgbọ́n ó dópin ní ìparí oṣù Keje. United jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án wọ́n san 27.5. Owó tí wọ́n fi ṣòfò tó mílíọ̀nù mẹ́rin, Moyes sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Everton fúnra rẹ̀ títí di oṣù Karùn-ún ọdún yẹn! Bí ẹnì kan bá wà láyé tó yẹ kó mọ ọjọ́ tí gbólóhùn yẹn máa kú, òun ni.

Ní oṣù Kìíní wọ́n san mílíọ̀nù 37.1 fún Juan Mata, èyí tó ga jù lọ nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Hẹlikópítà ló gbé e dé. Àmọ́ ó ti gbá Champions League fún Chelsea ní sáà kan náà, òfin ìgbà yẹn kò sì gbà kí ó tún gbá a fún ẹgbẹ́ mìíràn. Nítorí náà nígbà tí wọ́n pàdé Olympiacos àti Bayern, aṣọ olówó iyebíye ni, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri.

* * *

Àyìndé Stretford

Ẹ ò tíì mẹ́nu kan ọ̀dùnkún díndín. Ferdinand fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé Moyes fòfin dè é lọ́jọ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, inú àwọn àgbà ò sì dùn.

* * *

Bísí Onítábìlì

Kò sí ẹgbẹ́ tó gba ipò keje nítorí ọ̀dùnkún.

Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ẹni tó ti gba líìgì márùn-ún, ẹ wọlé tọ̀ ọ́, ẹ kò tíì gba líìgì kankan rí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ tọ́ ni àwo oúnjẹ rẹ̀. Kò burú fún ara. Ó burú fún ọ̀wọ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Aṣọ ni Moyes ń kà, àwọn yẹn ń ka àkísà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn ni mo kà sí àṣìṣe tó ju ti oúnjẹ lọ. Ó ráhùn nípa àtẹ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ pé Chelsea, Liverpool àti City ni wọ́n kó fún òun nínú márùn-ún àkọ́kọ́. Nígbà tí Liverpool ń bọ̀ ní oṣù Kẹta, ó ní àwọn ni ojú ń wò pé wọ́n máa borí. City nà án 3-0 nílé, ó ní ibi tí City dé ni kí United máa lépa. United tí wọ́n ṣì ń pè ní olúborí líìgì títí di oṣù Karùn-ún! Àwọn alátakò kò ní kí ó fún wọn lọ́gbọ́n, ó fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

* * *

Bàbá Gunner

Ọmọ ilé ló yẹ kó máa jẹ oyè ilé. Ẹ wo Liverpool ní 1974: Bill Shankly fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ ní oṣù Keje, igbákejì rẹ̀, Bob Paisley, tí kò tilẹ̀ fẹ́ ipò náà, bọ́ síbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án, líìgì mẹ́fà, ife ẹ̀yẹ Yúróòpù mẹ́ta. Ẹ tún wo tiwa nílé. Westerhof gba ife Áfíríkà ní Tunis ní 1994, Bonfrere tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ ló wá gba góòlù Olympics ní Atlanta ní 1996. Àlejò ló ń ba nǹkan jẹ́. Unai Emery tó wá sọ́dọ̀ wa ní Arsenal lẹ́yìn Wenger, àlejò ni.

* * *

Kóòṣì Àgbà

Bàbá, ẹ kú àárò ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Wilf McGuinness ńkọ́? Ọmọ ilé ni ní United, láti kékeré ló ti wà níbẹ̀. Ẹni ọdún 31 ni nígbà tí Matt Busby kúrò ní 1969. Kò lo ọdún méjì, wọ́n yọ ọ́ ní oṣù Kejìlá 1970, Busby fúnra rẹ̀ ló padà wá di ikọ̀ náà mú. Ní 1974 United já sí ìpele kejì.

Ìyàtọ̀ McGuinness àti Paisley wà nínú ibi tí àgbà tó lọ jókòó sí. Busby kò lọ. Wọ́n fi ṣe alábòójútó àgbà, ọ́fíìsì rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí McGuinness bá wí mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Shankly náà kò fẹ́ lọ: ó ń wá sí Melwood nígbà ìgbáradì, àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣì ń pè é ní ọ̀gá. Wọ́n ní láti jẹ́ kó mọ̀ pé kí ó má wá mọ́. Ó dùn ún títí ó fi kú, ó sì ṣòro láti ka irú rẹ̀ láìkáàánú. Ṣùgbọ́n ó fún Paisley láyè. Gbogbo àwọn tó yí Paisley ká sì dúró: Joe Fagan, Ronnie Moran, Reuben Bennett. Ẹni kan ló jáde, kọ́kọ́rọ́ wà nílé.

Ferguson kò dá sí iṣẹ́ Moyes, mi ò fi ìyẹn kàn án. Ó kàn wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà, ó ń jókòó lókè, kámẹ́rà sì ń wá ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí góòlù bá wọlé ẹ̀yìn wọn. Ère rẹ̀ wà níta. Ìjókòó ńlá tó dojú kọ bẹ́ǹṣì àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀ láti 2011. Bí Moyes bá gbójú sókè, ohun tó máa kà nìyẹn.

Ti Emery, ẹ ṣì í dá lẹ́jọ́ díẹ̀. Pọ́ìntì 63 ni Wenger fi sílẹ̀, Emery gba 70 lọ́dún àkọ́kọ́, Tottenham fi ẹyọ kan péré gba Champions League mọ́ ọn lọ́wọ́. Ivan Gazidis tó gbà á síṣẹ́ ti lọ sí Milan kí ọdún 2018 tó parí, Sven Mislintat tó ń wá agbábọ́ọ̀lù lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Àwọn òpó tó gbé e ró ṣí nídìí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

* * *

Ọmọ Kop

Ẹ ṣeun tí ẹ dúró dè mí.

Láńre, òótọ́ ni pé àwọn kóòṣì Klopp lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù Kìíní 2024 ni Klopp kéde pé òun ń lọ. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n ní láti múra. Ní United, ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún ni Ferguson kéde, ọjọ́ kejì ni wọ́n kéde Moyes, Ferguson fúnra rẹ̀ ló sì yàn án. Ní Liverpool, kí wọ́n tó mú kóòṣì, wọ́n kọ́kọ́ tún ilé ṣe. Michael Edwards padà wá ní oṣù Kẹta, ó mú Richard Hughes wá gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Edwards yìí ló wà nídìí ọjà nígbà tí wọ́n ra Salah, Van Dijk, Alisson àti Robertson. Ẹni tó mọ kọ́kọ́rọ́ ló padà wálé, àlejò wá wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

Èkejì, ẹ wo orúkọ oyè. Moyes jẹ́ ọ̀gá lórí ohun gbogbo bí Ferguson ti ṣe, láti ọ̀rọ̀ ọjà dé ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Slot jẹ́ kóòṣì àgbà lásán. Pápá ni tirẹ̀. Ìwé àdéhùn Salah, Van Dijk àti Alexander-Arnold ń tán lọ ní ọdún yẹn, gbogbo ayé ń pariwo, Slot á kàn sọ pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òun. Hughes ló ń gba ẹ̀gbin ọ̀rọ̀ yẹn sórí.

Ẹ̀kẹta, wọn ò ra nǹkan. Chiesa nìkan ló wọ ikọ̀ lọ́dún yẹn, mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn àti díẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ Zubimendi fún ìdí àárín, ó ní òun kò kúrò ní Real Sociedad. Moyes ì bá ti sáré lọ ra ẹlòmíì lọ́jọ́ tí ọjà fẹ́ tì. Slot wo ilé, ó mú Gravenberch tí Klopp máa ń lò síwájú díẹ̀, tí kì í sì í fi bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nígbà gbogbo, ó gbé e sí iwájú àwọn ọlọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ọmọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń yí padà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ nígbà tí èèyàn bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí àárín ni ìyẹn ti wúlò jù.

Àwọn àtúnṣe tó kù kéré, wọ́n sì ṣe kedere. Eré àsápajúdé Klopp dínkù, wọ́n ń di bọ́ọ̀lù mú sí i nígbà tí wọ́n bá ti ṣáájú. Wọ́n dín iṣẹ́ ẹ̀yìn Salah kù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tutù fún iwájú: góòlù 29, ìrànlọ́wọ́ góòlù 18, kò sì sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì kan nínú 38 tí kò gbá. Ẹni ọdún 32 ni o, Bọ̀ọ̀dá Àyìndé, ọjọ́ orí kan náà tí ẹ fi ń sin Vidic.

Ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó mú ìdà jáde. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, Ipswich, 0-0 ní ìsinmi, ó yọ Quansah, ó fi Konaté sí i nítorí pé wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ Quansah lọ́wọ́ jù. Ọmọ tí Klopp fẹ́ràn. Gbogbo yàrá ìmúra gbọ́ ohùn yẹn láìjẹ́ pé ó pariwo. 2-0 ló parí.

Ti àgbà tó lọ: ọjọ́ tí Klopp dágbére ní Anfield, òun fúnra rẹ̀ ló kọrin orúkọ Slot fún àwọn alátìlẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó lọ. Kò jókòó sókè.

* * *

Bísí Onítábìlì

Ọmọ Kop, má jẹ́ kí orin dùn jù. Pọ́ìntì mélòó ni Slot fi gba líìgì? 84. Mélòó ni Klopp gbà lọ́dún tó ṣáájú tó fi wà ní ipò kẹta? 82. Pọ́ìntì méjì! City ló wó lulẹ̀, láti 91 sí 71, Arsenal kò sì kọjá 74. Ká ní City ọdún tó ṣáájú ló wà níbẹ̀, Slot ì bá ṣe ìkejì, kò sì ní sí ìjíròrò yìí.

* * *

Ọmọ Kop

Àǹtí Bísí, ẹ̀yin tí ẹ mọ tábìlì, ẹ tún un kà. Nígbà tí wọ́n na Tottenham 5-1 lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹrin tí wọ́n fi gba ife, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 34 ni wọ́n ti gbá, pọ́ìntì 82 ni wọ́n sì ní. Ohun tí Klopp fi 38 gbà, Slot fi 34 gbà á. Nínú mẹ́rin tó kù wọ́n ń jó kiri, pọ́ìntì méjì péré ni wọ́n mú níbẹ̀.

* * *

Bísí Onítábìlì

Ìyẹn dára. Mo gbà fún ọ lórí èyí. Lórí City, mi ò gbà.

* * *

Láńre

Ẹ̀gbọ́n Kóòṣì, ká ní wọ́n gbà yín síṣẹ́ lọ́la lẹ́yìn irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ni ẹ máa ṣe?

* * *

Kóòṣì Àgbà

Kí n tó fọwọ́ síwèé ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Màá béèrè ta ló ń lọ pẹ̀lú ọ̀gá. Bí ẹni tó ń ra agbábọ́ọ̀lù náà bá ń lọ, màá ní kí wọ́n dá a dúró di ìparí oṣù Kẹjọ, kí n má bàa wọ ọjà pẹ̀lú ẹni tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn kóòṣì, màá dá ẹni kan, ó kéré tán, dúró fún ọdún kan, èyí tó ń darí ìgbáradì tàbí èyí tó ń kọ́ àwọn aṣọ́lé. Agbábọ́ọ̀lù tó ṣì ń lé ipò nínú ikọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ibẹ̀ ni fífi Giggs ṣe kóòṣì ti kùnà: kò sẹ́ni tó máa sọ àṣírí yàrá fún ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò.

Lẹ́yìn náà, ìwé méjì. Àkọ́kọ́, orúkọ gbogbo ẹni tí àdéhùn rẹ̀ kù ní oṣù 18 tàbí tó dín, àti gbogbo gbólóhùn owó ìtúsílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó máa kú, ti àwọn tiwa àti ti àwọn tí a fẹ́ rà. Èkejì, ìwé àwọn dókítà: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó léraléra ni ara kálukú lè gbà kó tó ya. Ẹni tó bá ní àwọn ìwé yìí lọ́wọ́ kò ní pàdánù mílíọ̀nù mẹ́rin lórí Fellaini, kò sì ní máa lo Van Persie títí itan á fi fà.

Ìrìn àjò ìgbáradì náà, màá dín in kù. Ní oṣù Keje 2013, Thailand, Australia, Japan àti Hong Kong ni United rìn já láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Owó ńlá ni fún ẹgbẹ́, àmọ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú àti gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ni Moyes ti ń mọ àwọn èèyàn rẹ̀, nígbà tí ọjà ń lọ lọ́wọ́ nílé.

Nínú mọ́kànlá tó máa bẹ̀rẹ̀, mi ò ní yí ju èèyàn méjì padà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́. Moyes kò fi mọ́kànlá kan náà bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì tó tẹ̀léra, nínú 51 tó ṣe. Ta ló máa mọ ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?

* * *

Àyìndé Stretford

Ẹ ti ń fi Slot ṣe ẹbọra. Ọdún kejì rẹ̀ ńkọ́? Láti 27 oṣù Kẹsàn-án sí 26 oṣù Kọkànlá 2025, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12, wọ́n nà án ní mẹ́sàn-án. United náà nà án ní Anfield! PSV fún un ní 4-1 nílé. Ẹsẹ̀ Klopp ló fi gba ife, nígbà tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ dé, ó rọ.

* * *

Ọmọ Kop

Ẹ rọra. Ìdajì òótọ́ ni. Ní ìgbà ìsinmi 2025, wọ́n ná owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù pọ́n-ùn: Wirtz, Isak tó gba 125 nìkan, Ekitike, Kerkez, Frimpong. Alexander-Arnold lọ sí Madrid, Díaz lọ sí Bayern, Núñez lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì lẹ́yìn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, iwájú sì yí padà pẹ̀lú. Ohun tó kọ̀ láti ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ ló ṣe lọ́dún kejì. Àti pé Diogo Jota, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, kú ní ọjọ́ kẹta oṣù Keje, ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun lójoojúmọ́. Ìyẹn, mi ò ní fi sínú àríyànjiyàn.

* * *

Kóòṣì Àgbà

Ó ń ti ohun tí mo sọ lẹ́yìn ni. Ìgbà tí ilé bá yí padà lẹ́ẹ̀kan ni ìṣòro ń dé, ìbáà jẹ́ oṣù kìíní tàbí oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún.

* * *

Láńre

Ìbéèrè kan ló kù. Bí Moyes bá burú tó báyìí, kí ló dé tí wọ́n fi dúró di ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin? Láti oṣù Kejì ló ti hàn. Ní ìparí oṣù Kẹta àwọn kan ti gbé ọkọ̀ òfuurufú kékeré fò kọjá lókè Old Trafford pẹ̀lú àsíá pé kí ó máa lọ.

* * *

Bísí Onítábìlì

Nítorí tábìlì. Ìròyìn tó gba ìlú nígbà náà ni pé gbólóhùn kan wà nínú ìwé ọdún mẹ́fà yẹn: bí kò bá ti sí ọ̀nà kankan mọ́ láti wọ Champions League, owó ọdún kan péré ni wọ́n máa san fún un bí wọ́n bá lé e. Kó tó di ọjọ́ náà, owó gbogbo ọdún tó kù ni. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ni ọ̀nà náà dí pátápátá. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ìròyìn ti gba ìta, ọjọ́ 22 wọ́n kéde.

* * *

Àyìndé Stretford

Ta ló dí i fún un lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ẹ rán mi létí?

* * *

Bísí Onítábìlì

Everton, 2-0, ní Goodison. Olùwòran kan tó múra bí ikú, dòjé lọ́wọ́, wà lẹ́yìn bẹ́ǹṣì Moyes. Martínez wà lórí bẹ́ǹṣì kejì.